Orí Kẹfà: Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ nínú Ìtọ́jú Awọ Ara Adúláwọ̀

Lésà kò mọ irun, kò mọ awọ. Dúdú nìkan ló mọ̀. Ibi tó bá ti rí dúdú ló máa ń da ooru rẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ gbòǹgbò irun tí oníbàárà fẹ́ kó jó dànù, ìbáà jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ aṣaralóge láàrin àwa adúláwọ̀ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó tan ẹ̀rọ kankan, nítorí ẹ̀rọ tó tún ojú ẹnìkan ṣe lè ba ojú ẹlòmíràn jẹ́, bí ẹni tó dì í mú kò bá mọ irú awọ tó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn orí tó ṣáájú ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fọ ojú, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ara, àti bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú èyí, a fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe lè pàdé lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà láìpa oníbàárà lára. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dán wò nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ni pé ọwọ́ ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ, ọwọ́ náà ló sì yẹ kó kẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò gbà kí wọ́n fi òṣùwọ̀n yẹ iṣẹ́ òun wò, eléwu ni òun náà.

Iná tó ń wá dúdú kiri

Ní ọdún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ láyé ní Malibu, ní ìpínlẹ̀ California. Òkúta rúbì ló lò, ìmọ́lẹ̀ pupa tó jáde lára rẹ̀ sì ní gígùn ìgbì tó jẹ́ nànómítà 694. Kò pẹ́ rárá tí Leon Goldman, dókítà awọ ara ní ìlú Cincinnati, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára ènìyàn. Melanin, ohun tó ń mú awọ àti irun dúdú, kì í jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lọ. Ó ń gbà á sára, ó sì ń sọ ọ́ di ooru.

Ọdún 1983 ni Rox Anderson àti John Parrish gbé ìwádìí jáde tó sọ iná yìí di irinṣẹ́ tó ṣeé darí. Wọ́n ṣàlàyé pé bí a bá yan ìmọ́lẹ̀ tí ohun tí a fẹ́ jó ń gbà sára ju ohun tó yí i ká lọ, tí a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà kú kí ooru tó ráyè tàn sí ẹ̀gbẹ́, ohun tí a fẹ́ jó nìkan ni yóò jóná. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ funfun, tí irun rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Iná mọ ibi tó ń lọ. Lára adúmáadán, melanin wà nínú irun, ó tún wà káàkiri ìpele òkè awọ tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ìdí irun. Awọ ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú ooru náà.

Kí ẹ má rò pé sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe melanin pọ̀ lára wa ju ti òyìnbó lọ. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe: melanin tiwa pọ̀, àwọn ìdì kéékèèké tí wọ́n ń dì í sí tóbi, wọ́n sì fọ́n ká inú awọ dáadáa. Ìbùkún ńlá nìyẹn lábẹ́ oòrùn. Lábẹ́ lésà, ó ń béèrè ìṣọ́ra.

Ìṣọ́ra náà bẹ̀rẹ̀ láti orí gígùn ìgbì. Bí ìgbì bá ṣe ń gùn sí i ni melanin ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sára kù, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé jìn sí i. Ìdí nìyí tí lésà Nd:YAG tó wà ní nànómítà 1064 fi bá awọ dúdú mu ju alexandrite tó wà ní 755 lọ. Diode, tó wà ní nǹkan bí 810, dúró láàrin àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo bí ìtànná kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Omi gbígbóná inú ife máa ń tutù kíákíá ju ti inú ìkòkò ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpele òkè awọ tó fẹ́lẹ́ ń tú ooru sílẹ̀ kíákíá ju ìdí irun tó nípọn lọ. Bí ìtànná bá pẹ́ díẹ̀, awọ á ti ráyè tutù, ìdí irun kò ní ráyè. Ó wá ku títu awọ lójú pẹ̀lú yìnyín, afẹ́fẹ́ tútù tàbí jẹ́ẹ̀lì tútù, ṣáájú ìtànná, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ 1064 kò ṣeé fi ojú rí, bẹ́ẹ̀ ó lè fọ́ ènìyàn lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ wọ awò tí wọ́n ṣe fún gígùn ìgbì yẹn gan-an. Awò oòrùn tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè ṣe é.

IPL yàtọ̀ sí lésà. Àdàlù ìmọ́lẹ̀ ni, ìgbì kúkúrú tí melanin ń gbà sára jù sì wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ìlò ilé ní ojú kan tó ń yẹ àwọ̀ wò, bí àwọ̀ bá sì ti dúdú kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ, kò ní tan. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀, ẹ gbà fún un.

Ohun kan tún wà nípa àtẹ tí ẹ ó bá lára gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, èyí tó pín awọ sí ọ̀nà mẹ́fà. Thomas Fitzpatrick ló dá a sílẹ̀ ní 1975, láti mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lè fi tọ́jú aláìsàn. Ìpín mẹ́rin ló ní nígbà náà, bí oòrùn ṣe ń jó àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì fi pín in. Ìpín karùn-ún àti ìkẹfà dé lẹ́yìn. Láti apọ́nbéporé dé adúmáadán, inú ìpín tó kẹ́yìn wọ̀nyí ni wọ́n kó púpọ̀ jù nínú wa sí, bí ẹni pé ara kan náà ni gbogbo wa. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni. Ẹ dán iná náà wò lábẹ́ àgbọ̀n tàbí ní ẹ̀yìn etí, kí ẹ sì dúró. Ìléròrò á ti yọjú láàrin ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ojú àpá tó ṣú lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hàn.

Ọwọ́ tó ń ṣáájú

Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn aláwọ̀ funfun máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tó pọ́n. Lára tiwa, pupa máa ń sá pamọ́. Ibi tó wú lára adúmáadán lè rí bí àwọ̀ àlùkò, ó lè rí bí eérú, ó sì lè má ju pé ó dúdú ju ìyókù lọ. Ẹni tí ojú nìkan ló ń lò lè wò ó títí kó má rí nǹkan kan. Ọwọ́ ni yóò sọ fún un.

Ẹ fọ ọwọ́ yín fún ogójì sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò: ẹ gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí ẹ gbé e sí ti òsì, kí ẹ tún padà sí ọ̀tún. Ẹ ń wá ibi tí ooru rẹ̀ ju ti èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú yín, kí ẹ fi orí ìka rìn láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, láìtẹ̀ ẹ́. Ibi tó ń ha ọwọ́, ibi tó ń yọ̀, ibi tó le nísàlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè rẹ̀ tẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa bá iroré tí kò tíì yọrí. Ní 2021, David Julius àti Ardem Patapoutian gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwádìí wọn lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Inú mi dùn pé wọ́n bọlá fún ìmọ̀ yìí, nítorí àwọn ìyá tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ ọmọ wò láàárín òru kò ní ìgbà kankan tí wọ́n rò pé nǹkan kékeré ni.

Lẹ́yìn ojú, ẹ lọ sí èjìká. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ wa ló ní àpá abẹ́rẹ́ BCG lókè apá. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá tẹ́jú tàbí tó jìn wọlé, ó dára. Bó bá ga, tó le, tó sì tàn kọjá ibi tí abẹ́rẹ́ náà wọlé, ẹ mọ̀ pé ara ẹni yẹn máa ń hu kélóìdì, kí ẹ má sì fi iná tàbí abẹ́rẹ́ kàn án láìjẹ́ pé dókítà awọ ara ti rí i. Etí tí wọ́n lu náà á sọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́ àgbàlagbà tó kọ ilà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ́ ojú ilà náà, nítorí àkọsílẹ̀ bí awọ rẹ̀ ṣe ń jinná nígbà tó wà lọ́mọdé ni.

Ó wá kan ìbéèrè tó le jù, ìyẹn ti ara bíbó. Ẹ wo oríkèé ọwọ́, etí àti ìgbọ̀nwọ́. Bí ojú bá pọ́n tí àwọn ibi wọ̀nyí ṣì dúdú, tí iṣan sì ń hàn lábẹ́ awọ, ìpara kan wà nílé tí wọn kò tíì dárúkọ fún yín. Ẹ má fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Bí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n ṣe máa ń bi ìyá tó jókòó níwájú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ti ń fi para láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn?"

"Ìpara lásán ni, ọmọ mi. Èyí tó ń mú ara dán."

"Ó dáa mà. Ṣé ẹ lè bá mi mú ike rẹ̀ dání tí ẹ bá ń padà bọ̀? Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín wí o. Àwọn ìpara kan wà tí ẹ̀rọ yìí kò bá rẹ́ ni."

"Wọ́n pò ó fún mi lọ́jà ni. Kò lórúkọ lára."

Ìpara tí kò lórúkọ lára, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, lè ní hydroquinone, mercury, tàbí stẹ́rọ́ọ̀dù líle bíi clobetasol nínú. Stẹ́rọ́ọ̀dù ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì tètè jinná lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ti hydroquinone, Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé ní 1975 nípa àwọn obìnrin tó lò ó títí tí ojú wọn fi ṣú, tí àwọ̀ rẹ̀ fi di dúdú tó fi búlúù ṣe, èyí tó ṣòro láti mú kúrò. Ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é nínú ìpara ológe ní 1990. Bí ẹ bá tan lésà sára awọ tí ìpara bẹ́ẹ̀ ti bó, egbò iná ni ẹ ń wá. Ẹ̀rọ á ní láti dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù díẹ̀ ni, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ti wọlé. Ẹ má sì pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lo stẹ́rọ́ọ̀dù jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù.

Ọṣẹ dúdú náà ní láti gba òṣùwọ̀n

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun ìbílẹ̀ kì í ṣeni ní ibi. Ẹni tó bá ti rí ojú ọmọdé tí ọṣẹ tí omi rẹ̀ mú jù ta kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á sun èèpo kòkó tó ti gbẹ, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ìdì tí wọ́n ti ja ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á máa bu omi sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sílẹ̀ nísàlẹ̀ ni álíkálì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á sì máa rò ó títí tí yóò fi ki, tí yóò fi di ọṣẹ. Pọ́táṣíọ̀mù inú eérú ló jẹ́ kí ọṣẹ yìí rọ̀. Sódíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ líle onígun.

Ìyá tó ń se ọṣẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n eérú òní kì í ṣe eérú àná. Bí èèpo ṣe gbẹ tó, bí omi ṣe pọ̀ tó, bí iná ṣe le tó, gbogbo rẹ̀ ń yí agbára ọṣẹ náà padà. Orí awọ ara tó yá gágá, òṣùwọ̀n pH kì í jìnnà sí 5. Ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà ní 9, 10, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí, tó fi jẹ́ pé láti 5 dé 10, ìlọ́po 100,000 ni. Awọ ń padà sípò lẹ́yìn tí a bá ṣan ọṣẹ kúrò, àmọ́ ó ń gba wákàtí, kì í sì í rọrùn fún ẹni tó bá ń fọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Bébà tí ń yí àwọ̀ padà kò wọ́n. Ẹ yọ́ ọṣẹ díẹ̀ sínú omi mímọ́, ẹ ti bébà náà bọ̀ ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ike. Ọṣẹ tó bá kọjá 10, ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ. Èyí tó bá rọjú, ẹ fi ìfòòfó rẹ̀ nìkan kan ojú, kí ẹ tètè ṣàn án. Ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lo lésà, abẹ́rẹ́ tàbí ásíìdì tí ń bó awọ òkè, àti ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, kí kànrìnkàn má kan ojú náà rárá.

Òrí tún ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ọṣẹ lọ. Ní Ṣakí, ní Ìgbẹ́tì, ní Kíṣí, àti ní ìlú púpọ̀ ní Kwara, iṣẹ́ obìnrin ni. Wọ́n á ṣa èso rẹ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ìgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ po ẹ̀lọ̀ náà mọ́ omi. Kò sí tẹmọ́mítà níbẹ̀. Obìnrin náà ń fi apá rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i àti ìgbà tí tútù tọ́ sí i, títí tí ẹ̀lọ̀ pípọ́n náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí ọ̀rá á sì léfòó. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá kò ní dì. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní níwájú ẹ̀rọ.

Ásíìdì stearic àti oleic ló pọ̀ jù nínú òrí, ó sì ní àwọn èròjà tí kì í di ọṣẹ, tí wọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ òróró lọ. Ó ń yọ́ bó bá ti kan ara, ó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà sá kúrò nínú awọ. Ṣùgbọ́n òrí kò lè gbapò ìpara ààbò oòrùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí nìkan ran àfín jáde sínú oòrùn. Ìpara ààbò tó jẹ́ SPF 30 ó kéré tán, fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló tọ́ sí wọn, nítorí jẹjẹrẹ awọ ń pa wọ́n ní kékeré. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi pa ojú láti mú àmì kúrò náà, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Èròjà kan wà nínú omi rẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá bá a lára, yóò jó awọ, yóò sì fi àmì dúdú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sílẹ̀.

Gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́

Ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ń gún awọ ní àìmọye ojú kéékèèké kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe, kí kòtò tí iroré fi sílẹ̀ sì lè kún díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kò lo ìmọ́lẹ̀, melanin kò dí i lọ́wọ́, ó sì jẹ́ ọ̀nà tó dára fún ọ̀pọ̀ nínú wa tí kì í hu kélóìdì. Ẹni tó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ á mọ̀ pé ìlànà rẹ̀ kò ṣàjèjì: wọ́n ń ṣí awọ, ohun tí wọ́n bá fi ra á sì ń wọlé. Ewu kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ènìyàn méjì lò lè gbé kòkòrò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ láti ara ẹnìkan sí ara ẹnìkejì, ohun tí kò yẹ kó wọ inú awọ sì lè wọlé. Orí abẹ́rẹ́ tuntun ni kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan rí tí ẹ já lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ohun tí kò ní kòkòrò, tí wọ́n dìídì ṣe fún awọ tó ṣí, nìkan ni kó kàn án. Òrí a máa dúró di ìgbà tí ojú náà bá ti pa dé.

Ojú tí ẹ̀rọ ní tí àwa kò ní

Mo ti sọ púpọ̀ nípa ọwọ́, ó yẹ kí n sọ ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe. Robert Wood ló ṣe asẹ́ iná kan ní 1903, èyí tó ń dí ìmọ́lẹ̀ ojoojúmọ́, tó sì ń jẹ́ kí ìtànṣán tí ojú kò rí, ní nǹkan bí nànómítà 365, kọjá. Ní 1925, Margarot àti Devèze ní ilẹ̀ Faransé fi yẹ àrùn irun wò. Lábẹ́ iná Wood, irú làpálàpá orí kan, tí kòkòrò Microsporum ń fà, ń tàn bíi ewé tútù. Ibi tí awọ ti pàdánù melanin rẹ̀ pátápátá ń tàn funfun. Àrùn kan tó máa ń wà ní abíyá àti láàrin ìka ẹsẹ̀ ń tàn pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìka ọwọ́ kankan kò lè mọ èyí. Ẹ ti fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára, kí ẹ sì rí i dájú pé oníbàárà ti fọ ìpara àti pọ́dà kúrò, nítorí àwọn náà ń tàn, wọ́n sì ti mú kí àwọn ọmọ iṣẹ́ kan pe pọ́dà ní àrùn. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tó ń tàn, ibi tí iṣẹ́ aṣaralóge parí sí nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ fi oníbàárà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn.

Ti kámẹ́rà fóònù tó ń sọ pé òun lè ka awọ yàtọ̀. Àwòrán ni wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun tí kò bá sì sí nínú àwòrán náà, kò lè mọ̀ ọ́n. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mẹ́ta wò, èyí tó ń fi ojú ènìyàn mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin adúláwọ̀, ó dé ìdá 34.7. Ẹ̀rọ tó lè ṣi obìnrin pè ní ọkùnrin, ẹ má fi ojú oníbàárà yín lé e lọ́wọ́ láìfi ọwọ́ yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú bọ́m̀pù lábẹ́ àgbọ̀n. Irun tó lọ́ ló fà á: bí abẹ bá ti gé e mọ́lẹ̀ jù, orí rẹ̀ tó mú á yí padà, á sì gún awọ wọlé. Onígbàjámọ̀ àtijọ́ tó ń fá irun síbi tó dojú kọ, tí kì í na awọ nígbà tó bá ń fá a, ti ń dín èyí kù kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé nípa rẹ̀.

Ẹ ní kó fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó máa lo kílípà tí yóò fi irun díẹ̀ sílẹ̀. Ní àárọ̀ àti alẹ́, kó fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ibẹ̀. Nígbà tó bá padà wá, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ooru, ẹ fi orí ìka wá èyí tó le. Irun tí ẹ bá rí orí rẹ̀ lábẹ́ awọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti pa kòkòrò rẹ̀ tú u sókè, ẹ má fà á tu. Bí ooru bá ṣì wà, kò tíì tó àkókò ẹ̀rọ. Bí ó bá ti tutù, ẹ lè dán Nd:YAG wò lójú kékeré kan, kí ẹ dúró gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè, kí ẹ tó wá ṣe ìyókù, ìgbà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàrin. Ní ọjọ́ ìtànná kọ̀ọ̀kan, kó fá irun náà kó tó wá, ṣùgbọ́n kó má fà á tu, nítorí gbòǹgbò tí kò sí nínú ihò rẹ̀ kò lè gba iná.

Ọwọ́ tó ń kẹ́yìn

Lẹ́yìn ìtànná, ẹ má wọ́ ibẹ̀. Awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ooru, aṣọ tútù ló ń fẹ́. Ọrùn, èjìká àti ọwọ́ oníbàárà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gothenburg, ní Sweden, fi hàn pé irú iṣan ìmọ̀lára kan wà nínú awọ tó nírun tó ń dáhùn jù bí ọwọ́ bá ń rìn lórí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn sì pè ní dídùn. Bí ìyá àgbà ṣe ń fi òrí wọ́ ẹ̀yìn ọmọ tuntun lẹ́yìn ìwẹ̀ kò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aago wọn ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń yára jù.

Nígbà tí ooru bá ti lọ tán, tí awọ kò sì là, ẹ lè fi òrí mímọ́ díẹ̀ tí ẹ yọ́ láàrin àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín bá níbẹ̀ sínú ìwé oníbàárà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ bá pẹ́, ìwé yẹn á wúlò fún yín ju ìwé tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀rọ náà lọ, torí pé àwọn ènìyàn tiyín ló wà nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Iná tó ń lọ sókè sódò ń yí agbára ẹ̀rọ padà, ẹ̀rọ tó bá sì kú láàrin iṣẹ́ lè má rántí nọ́ńbà tí ẹ fún un. Ẹ máa fi ìńfátà àti stẹ́bíláísà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tún nọ́ńbà wò ní gbogbo ìgbà tí iná bá padà dé. Bákan náà ni ìkòkò tí a fi ń pa kòkòrò ohun èlò: ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ooru omi. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ sọ fún un pé kó padà wá lọ́la.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé ìdí tí lésà tó wà ní 755 fi lè jó awọ adúmáadán níbi tí èyí tó wà ní 1064 kò ti ní jó o.

2. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Kí ẹnìkan dùbúlẹ̀, kí èkejì di ojú, kó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ àti orí ìka yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ kọ ohun márùn-ún tí ọwọ́ bá sílẹ̀, kí ẹ tó la ojú wò ó. Èwo ni ojú rí tí ọwọ́ kò bá, èwo sì ni ọwọ́ bá tí ojú kò rí?

3. Ẹ ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jà, kí ẹ bi ìyá kọ̀ọ̀kan léèrè irú eérú tó lò. Ẹ wọn pH wọn, kí ẹ sọ èyí tí ẹ ó fi kan ojú àti ìdí rẹ̀.

4. Obìnrin kan wá pé kí ẹ fi lésà mú irun àgbọ̀n òun kúrò. Àpá BCG rẹ̀ ga, ó le. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìgbéyàwó òun ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá a sọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ gan-an.